Irúgbìn Osla

Ní Ṣẹ́tílándì, igi kì í pẹ́ lórí ìdúró.
Ẹ̀fúùfù ibẹ̀ kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀ lásán,
a máa bi ọ́ léèrè orúkọ
kó tó já fìlà gbà lórí rẹ.
Ìdí nìyí tí àwọn baba wa fi to òkúta ní róbótó,
ó ga dé àyà, kò ní òrùlé, kò ní ilẹ̀kùn,
inú rẹ̀ kò ju ibùsùn àgùntàn mẹ́rin lọ.
Àgùntàn gan-an la kò sì fẹ́ kó wọ ibẹ̀.
Kábéèjì là ń tọ́ sínú rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́.

Kì í ṣe kábéèjì tí ẹ mọ̀,
èyí tó ń dì rìbìtì, tó ń dán.
Tiwa ń na ewé gbàgàdà, ó nípọn,
etí rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún sùn.
Ó korò títí yìnyín á fi bọ́ sí i lára;
lẹ́yìn náà ló ń dùn,
bí ẹni tí ìyà jẹ
tí kò torí ẹ̀ fìyà jẹ ẹlòmíràn.

Ti Osla Manson ló dára jù.
Ìyá ìyá rẹ̀ ló fi irúgbìn náà sílẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀ kan.

Sátidé kan nínú oṣù Kẹta la máa ń pàdé ní gbọ̀ngàn:
tábìlì gígùn, tíì gbígbóná, àpò ìwé kéékèèké.
Lowrie a gbé pòtéètò dúdú rẹ̀ dé,
là á sí méjì, òrùka àwọ̀ aró wà nínú rẹ̀.
Èmi a gbé ẹ̀wà mi, tótòtó bí ẹyin ẹyẹ òkun.
Baabie a gbé gbòǹgbò funfun kan
tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀, àti òun alára.
Ṣíbí kan fún ṣíbí kan, owó kò sí níbẹ̀.

Osla a gbà. Osla kì í fúnni.
“Ẹ ó bà á jẹ́,” ni yóò wí,
yóò sì tún bu ẹ̀wà mi.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló fúnni rí:
Tammie Inkster, tó bá a tún ògiri òkúta tó
lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ kú.
Àbọ̀ ẹ̀kúnwọ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Nígbà tó yá, àgbò Tammie fo ògiri yẹn kan náà,
ó jẹ gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀.
Ọdún mọ́kànlá, wọn kò kí ara wọn.
Nínú ọkọ̀ ojú omi, ọ̀kan á kọjú sí Nọ́wè,
èkejì á máa wo ọ̀nà Amẹ́ríkà.

Lẹ́ẹ̀rùn òtútù tó kọjá, eku wọ inú dúrọ́ọ̀ Osla.
Ó jẹ irúgbìn, ó jẹ ìbọ̀sẹ̀,
ó bímọ méje sórí ohun tó ṣẹ́ kù.

Ó wá sí gbọ̀ngàn lọ́wọ́ òfo.
Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò bọ́ kóòtù.
Tammie pẹ́ kó tó dé. Kò kí ẹnikẹ́ni.
Ó gbé agolo tíì kan kalẹ̀ níwájú rẹ̀, gbì.

Osla ṣí i. Ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́,
ó gbóòórùn rẹ̀, ó gé ọ̀kan jẹ.
“Ó ti dà pọ̀ mọ́ tìrẹ.”
“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Tammie wí. “Oyin kò mọ̀ pé à ń jà.”

(Mo rò ó, n kò sọ ọ́:
èyí tó há ni eku jẹ,
èyí tó jọ̀wọ́ ló bá a délé.)

Wọn kò gbá ara wọn mọ́ra. Ibi tí a wà kọ́ nìyẹn.
Ó ní kí ó sún síwájú, ó ń dí òun lójú iná.
Ó sì sún.

Nígbà tí mo ń lọ, Osla pè mí padà,
ó ka irúgbìn sínú àpò ìwé mi
bí ẹni tó ń ka owó orí.
“Ogún. Má bà á jẹ́.”

Mo délé, mo tú u sórí tábìlì,
afẹ́fẹ́ ń kan ilẹ̀kùn.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Mọ́kànlélógún ni.