Àmì Orí Igba

Aago méjì òru ti kọjá ní Shrewsbury,
òjò ń fi èékánná ha fèrèsé,
odò Severn ti gun àtẹ̀gùn mẹ́ta lẹ́yìn ibi ìgbọ́kọ̀sí.
Èmi nìkan ló kù lọ́fíìsì, èmi àti tíì tó ti tutù,
àti àká kan tó kún fún òǹkà:
ogójì ọdún omi,
ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Pritchard pè mí láti ìdí afárá.
"Mẹ́rin àti díẹ̀ ni mo rí lójú ẹ̀rọ yìí. Ṣé ká jí àwọn èèyàn?"
Mẹ́rin kí ni?
Mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú kan.

Mi ò bi àká náà pé báwo lomi ṣe ga tó.
Ìyẹn ni gbogbo ayé ń bi í.
Mo bi í bí a ṣe ń bi àlejò tó kanlẹ̀kùn lóru:
Ta ni ọ́? Níbo lo ti wá?
Ìgbà wo lo kọ́kọ́ lanu, ìgbà wo lo sọ̀rọ̀ kẹ́yìn?
Kí lo fi ń wọn ohun tó ò ń wọ̀n?

Èdè C ni mo fi kọ àwọn ìbéèrè náà,
kúkúrú, kálukú pẹ̀lú àkámọ́ méjì
bí àtẹ́lẹwọ́ tó ń tọrọ nǹkan.
Orúkọ Yorùbá ni mo sọ wọ́n lọ́dún tí mo débẹ̀:
oruko, iwon, igba_akoko, igba_ikeyin,
láìlámìí, torí ògbufọ̀ inú ẹ̀rọ wa kórìíra àmì ohùn.
Gwenllian yọjú lẹ́yìn mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Igba? Kí nìyẹn?"
Mo ní ó lè jẹ́ àkókò,
ó lè jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́wàá,
ó lè jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń bu omi,
tàbí okùn tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ.
"Báwo lẹ ṣe wá ń mọ̀ ọ́n?"
Mo ní, ohun tó wà lórí rẹ̀ la máa ń wò.

Mẹ́rin náà nìyí, kò ní nǹkan kan lórí.
Mítà mẹ́rin: ká tètè máa gbé àwọn arúgbó lọ sílé ìwé.
Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin: ká máa sùn.

Mo tẹ bọ́tìnnì.
oruko dáhùn kíá: ẹ̀rọ kẹtàdínlógún.
igba_akoko: oṣù kọkànlá, 1984.
igba_ikeyin: ìṣẹ́jú mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ṣì ń mí.
iwon dá òfo padà.
Kì í ṣe òdo o. Òdo, òǹkà ni.
Òfo: ìka tó nà, tí kò nà síbì kankan.

Mo tún bi í. Òfo.
Ta ló gbé ẹ kalẹ̀ tí kò sọ ìwọ̀n rẹ?

Ó ku ilẹ̀kùn kan tí n kò kàn rí,
akiyesi,
níbi táwọn tó ṣáájú wa ń ju ọ̀rọ̀ tí kò ráyè sí.
Mo kàn án. Ó ṣí.
"Èmi Idwal ni mo rì í síbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà Dilys.
Ẹsẹ̀ bàtà ni mo fi wọ̀n ọ́n, òun ló yé e.
Tó bá ti dé mẹ́sàn-án, róòsì rẹ̀ ti bómi lọ."

Mo pe Pritchard: ẹsẹ̀ bàtà ni. Jẹ́ kí wọ́n sùn.
Ó mí kanlẹ̀.
Mo bi í nípa ọgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà.
"Ọgbà wo? Mọ́tò ni wọ́n ń gbé síbẹ̀."

Mo dá gbogbo àyè tí mo yá nínú iyè ẹ̀rọ padà,
ẹyọ kan kò ṣẹ́ kù;
gbèsè kékeré ló ń pa ẹ̀rọ ńlá.
Mo kọ ẹsẹ̀ bàtà síbi tó ṣófo.
Mi ò fọwọ́ kan róòsì.