Kò Sí Ohun Tó Ṣẹlẹ̀

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láìfara kanra.
Òótọ́ ni.
Òkè kọ́ ni ìjà wà.
Ilẹ̀ ni kò tó,
ilẹ̀ Ìkẹjà yìí, ọ̀dà tí a tẹ́ gbọọrọ láàárín koríko,
tí gbogbo ẹyẹ irin ń du láti fẹsẹ̀ kàn.

Mo jókòó sókè ilé gogoro, dígí yí mi ká.
Lóru ọjọ́ náà, ọyẹ́ ti gbé gbogbo nǹkan mì:
mi ò rí Ṣógúnlẹ̀, mi ò rí Máfolúkù,
iná ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bàálù ń ṣẹ́jú bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe.
Tíì inú fúláàsì mi ti tutù.
Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú.

Rédíò ń sọ̀rọ̀ létí mi,
òyìnbó tí a gé kúrú bí èékánná.
A fún mẹ́sàn-án ní ìrù níbẹ̀
kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ọ ní márùn-ún.
Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi í rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín.
Ẹni tí a bí sínú èdè tí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀
fi ohùn lásán pààlà láàárín ara wọn,
ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ pé àṣìgbọ́ ń pààyàn?

Bàálù kan ń bọ̀ láti Jẹ́dà, ó kó àwọn tó lọ sí Mẹ́kà.
Mo ti ní kó máa bọ̀. Mo ti fún un lọ́nà.
Ohùn awakọ̀ náà rẹlẹ̀, bí ẹni tó ti ń ro oúnjẹ àárọ̀.
Mo tún fojú gbá ọ̀nà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun,
bí ìyá mi ṣe kọ́ wa láti ṣa òkúta inú ìrẹsì:
ṣà á tán, kí o tún padà ṣà á.

Nǹkan kan ń rìn.

Iná róbótó kan, pupa rúsúrúsú,
ó ń ti inú koríko wọ ojú ọ̀nà
bí àgùntàn tí kò mọ ilé olówó rẹ̀ mọ́.
Mo pè é. Kò dáhùn.
Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì.

Wọ́n ní ẹyẹ kì í sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀.
Ẹyẹ inú igbó nìyẹn.
Èmi ni ẹyẹ tí ìjọba ń sanwó fún kó máa sọ ọ́.
Mo tẹ bọ́tìnì: má balẹ̀. Gòkè padà. Gòkè.
Ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sẹ́ni tó fèsì.
Èkejì.
Àfi ìgbà tí ẹ̀rọ kígbe, tí imú bàálù gbé sókè,
tí ikùn rẹ̀ gba orí iná kékeré náà kọjá.
Dígí gbọ̀n, fúláàsì gbọ̀n, eyín mi gbọ̀n.

Káṣìmáawò ló wa katakata náà,
ọmọ tí ìyá rẹ̀ sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀
torí kò dá a lójú pé yóò dúró.
Bátìrì rédíò rẹ̀ ló kú. Ọyẹ́ ṣì í lọ́nà.
Nígbà tí wọ́n mú un gòkè wá, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì,
kò lè jókòó.
"Mo rò pé ààrá ni, Màmá. Mo rò pé ààrá ni."
Ó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ.
Mo bu tíì tútù fún un.

Bàálù balẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún.
Mo gbọ́ pé Alájì kan ń bínú nísàlẹ̀ pé wọ́n pẹ́.
Ẹ jẹ́ kó máa bínú.
Ìbínú dùn-ún gbọ́ lẹ́nu alààyè.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé: aago, ojú ọjọ́, orúkọ, bátìrì.
Ìlà mẹ́rin péré.
Mo délé, Ìwálóyè ọmọ mi ń so okùn bàtà ilé-ìwé.
"Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́?"
"Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀."
Mo bẹ̀rẹ̀ láti bá a so ẹsẹ̀ kejì.
Okùn náà kọ̀, kò so.