Rù

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀, ọjà Dawanau ò tíì lajú tán.
Mo jókòó sórí gálọ́ọ̀nù, ìwé kíka àpò lórí itan mi.
Tírélà Bódìjà ti ṣíyìn sẹ́nu ìsọ̀;
Tánímù bẹ̀rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn.
Èèyàn méjì gbé àpò ẹ̀wà lé e lọ́rùn.
Mo fa ìlà.

Lónìí ó bi mí, òógùn ń kán nímú rẹ̀:
"Dako là ń pè é ní tiwa. Ẹ̀yin ńkọ́?"
Mo ní, rù.
Ó rẹ́rìn-ín. "Ó mà kúrú o.
Àpò yìí ò kúrú bẹ́ẹ̀."

Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò dá nìkan wá.
Ẹni tó gbé ẹrù, ó rù ú.
Ẹni tí ẹran ara rẹ̀ gbẹ, òun náà rù.
Ohùn kan náà ni, ọ̀kan ò ga ju èkejì lọ.
Ta ló kọ́kọ́ wo alábàárù láti ọ̀ọ́kán
tó rí i pé kò sídìí fún ọ̀rọ̀ méjì?

Bàbá mi, tó bá ọkọ̀ ojú irin dé Kano láti Ọ̀fà
pẹ̀lú báàgì kan àti gbèsè ẹlòmíì,
a máa sọ pé ẹ̀bẹ̀ lọ̀rọ̀ náà níbẹ̀rẹ̀:
bá mi rù ú, jọ̀ọ́, bá mi rù ú.
A wá fi ẹ̀bẹ̀ sọ ènìyàn lórúkọ,
a gbàgbé pé àwa la bẹ̀ ẹ́.
Bóyá òótọ́ ni, bóyá ìtàn inú ọkọ̀.
Ó tún ní ẹrù ló bí ẹ̀rù. Ìyẹn ni mi ò gbà,
títí di ọjọ́ tí pákó yẹ̀ lẹ́sẹ̀ Lawwali,
tó dùbúlẹ̀ sáàárín ẹ̀wà tó fọ́n ká,
tí mo sì ti fa ìlà àpò náà
kí n tó gbójú sókè.

Mo sọ fún Tánímù pé rù ní èkejì, sọ̀.
Ẹni tó ru ẹrù délé a dúró lẹ́nu ọ̀nà,
a ké pe ará ilé: ẹ sọ̀ mí o.
Èèyàn ló ń sọ ni, a kì í dá a sọ̀.
Ó gbìyànjú ẹ̀: "So."
Mo ní rárá, fà á wálẹ̀.
"So," ó tún wí, ó ń tún òṣùká rẹ̀ ká,
"ní tiwa, ìfẹ́ nìyẹn."

Awakọ̀ tẹ fèrè.
Àpò mọ́kàndínláàádọ́rin ló kù nílẹ̀.
Tánímù tún bẹ̀rẹ̀.
Mo fa ìlà. Ìlà náà wọ́.