Ẹni Tó Ń Gbé Inú Òkú Igi

Ọyẹ́ Jọ́ọ̀sì kì í kan ilẹ̀kùn.
Ó wọlé, ó jókòó lé orúnkún èèyàn.
Nírú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Chollom, ẹ̀ṣọ́ igbó Kúrú,
fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ìtì páìnì kan,
ó ní, "Fetí lé e."
Mo fetí lé e.

Kírí-kírí. Kírí-kírí.
Bí ẹni ń fi èékánná họ ìsàlẹ̀ ìkòkò
tí kò fẹ́ kí ará ilé jí.

Ọ̀bọ̀ǹbọ̀n ni. Kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ,
ó dú, ó ń dán bí bàtà ọlọ́pàá tuntun,
ìwo orí rẹ̀ gùn ju ara tó gbé e lọ.
Ọdún mẹ́ta ló fi ṣe ìdin nínú òkùnkùn,
ó ń jẹ igi, ó ń su lẹ́búlẹ́bú,
kó tó rí oòrùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré.
Ọdún mẹ́ta nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta!
Èmi tí mò ń ráhùn pé owó oṣù pẹ́.

Kì í jẹ igi tútù. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa,
torí wọ́n ti parọ́ mọ́ ọn ní ọ́fíìsì:
kò pa igi kankan rí.
Ó ń dúró ni, kí ikú kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀,
kí èèpo ṣí, kí oje gbẹ,
kí olú funfun yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́,
kó tó wá yé ẹyin síbẹ̀.
Òkú ò mọye à ń ràgọ̀, òótọ́ ni,
ṣùgbọ́n òkú yìí mọ iye ọmọ tó ń tọ́.

Páìnì fúnra rẹ̀, àlejò ni.
Òyìnbó ló kó irúgbìn rẹ̀ wá
nígbà tí àwọn awakùsà fi ihò sílẹ̀ lọ.
Bàbá mi náà, láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá,
pẹ̀lú àpò aṣọ títà kan àti ìyàwó olóyún;
títí dòní wọ́n ṣì ń bi àwa ọmọ pé ará ibo ni wá.
Kòkòrò yìí ńkọ́? Ta ló mú un wá?
Àbí ó ti wà níbí tipẹ́, nínú igi mìíràn tí wọ́n ti gé tán,
tó wá di ayálégbé lọ́dọ̀ àlejò?
Chollom ò mọ̀.
Èmi tí wọ́n ń sanwó fún kí n mọ̀, n ò mọ̀.

Nínú ìwé tí mò ń kọ, àlàfo kan wà fún ipò rẹ̀:
ṣé ó pọ̀, ṣé ó ń dín kù, ṣé ó fẹ́ parun.
Mo kọ "A ò tíì mọ̀", mo fi ọjọ́ sí i.
Ìtì mọ́kànlélógún ni mo kà lọ́dún tó kọjá.
Lọ́dún yìí, mẹ́rin.

Kì í ṣe ọ̀tá ló kó wọn lọ.
Ìyá Chundung ni, òun àtàwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀,
torí gáàsì ti wọ́n, ẹ̀wà ò sì ṣe é jẹ ní tútù.
Mo pàdé rẹ̀ lọ́nà, igi gbígbẹ lórí, ó ní, "Sànnú."
Kí ni mo fẹ́ wí? Pé ìdin ń bẹ ẹ́?
Mo bá a tún òṣùká rẹ̀ tó ń yẹ̀ ṣe.

Chollom nìkan ló bẹ̀ ẹ́ nítorí ìtì ẹ̀yìn àgọ́.
Ó wo àwa méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín:
"Ẹ̀yin àti igi jíjẹrà yín."
Ó fi í sílẹ̀.

Lálẹ́ àná mo tún padà lọ fetí lé e.
N ò gbọ́ nǹkan kan.
Mo dúró títí etí mi fi kú mọ́ èèpo,
mo fẹ́ dìde.
Kírí.