Òǹdè Iyè Medúpín

Awọ ewúrẹ́ ni, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ,
ó dúdú, ó ń dán bí ẹ̀yìn yímíyímí.
Iyùn méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì,
òun láàrin wọn bí àgbà tó dákẹ́ níbi ìpàdé.

Àlejò wá sí Ògìdì, ó rí i, ó ní ọ̀ṣọ́ ni.
Iyè ní, "Yí ẹnu rẹ padà díẹ̀.
Ẹ̀ṣọ́ ni."

Ọrùn rẹ̀ ló wà nígbà tó ń gúnyán,
nígbà tó ń bá ọkọ rẹ̀ jà nítorí ebè iṣu,
nínú ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, lábẹ́ kọ́là búlúù Ẹgbẹ́ Ìyá,
òun àti àgbélébùú kékeré kan lórí okùn kan náà.
Wọn ò jà.

Ìyá mi ló fẹ́ bá a jà.
Ọjọ́ kẹta tí a sin Iyè,
wòlíì kan láti Kàbà ní ká dáná sun ún.
Ìyá mi mú bíléèdì, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná,
ó gé òwú etí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó gbọ̀n ọ́n sí àtẹ́lẹwọ́.

À ń retí eegun ejò. À ń retí èédú,
orúkọ ọ̀tá, ohun tó ń rùn.
Irun ni.
Irun ọmọ tuntun, ó rọ̀ bí ìyẹ́ òròmọdìẹ,
ìdì mẹ́rin, fọ́nrán òwú kan lára ìdì kọ̀ọ̀kan.
Mẹ́ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di eruku.
Ìkẹrin ṣì pupa díẹ̀.

Kò sẹ́ni tó béèrè. Gbogbo ilé ló mọ
iye ọmọ tó ti lọ kí ìyá mi tó dé.
Mókèélù tó rán awọ náà ti kú tipẹ́,
a ò lè bi í bóyá ó pe ọfọ̀ sí i
tàbí ó kàn rán an, ó gba iṣu méjì, ó wọlé.

Òǹdè là ń pè é.
Ta ni wọ́n wá dè níbẹ̀?
Ṣé àwọn mẹ́ta, kí wọ́n má rìn jìnnà jù,
àbí ẹnì kan tó dúró?

Iná ń jó lẹ́yìn ìyá mi. Kò wẹ̀yìn.
Ó kó irun náà padà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin,
ó wá abẹ́rẹ́. Òwú dúdú ti tán;
búlúù ló rí, èyí tó fi ń tún yunifọ́ọ̀mù mi rán.
Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ojú rírán náà wọ́.

Ní Lọ́kọ́ja, àwọn ará ibi iṣẹ́ mi a tẹ̀ síwájú wò ó:
"Èló lo rà á? Ta ló ń ṣe é?"
Mo máa ń ní ìyá mi ló rán an.
Irọ́ ni, kì í sì í ṣe irọ́.
Bí mo bá ń lọ sílé lọ́nà Ọ̀bàjànà,
tí tírélà sìmẹ́ǹtì bá já wá lórí òkè, tó ń fọn fèrè,
ìka mi a ti wà lórí òwú búlúù náà
kí n tó rántí pé mo ní ẹnu tí mo fi ń gbàdúrà.