Irùngbọ̀n Arúgbó

Arvella Kesterson kò pè mí nítorí igi.
Ẹyẹ àkókó ló fẹjọ́ rẹ̀ sùn:
"Láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́ ló ti ń gbá igi mi,
kò jẹ́ kí n sùn."

Mo dé tèmi ti ọ̀bẹ àti àkàbà ìjọba.
Ní òpópónà wọn, lẹ́bàá odò, ní Òháyò,
kùkùté ni mo ń kà bí mo ṣe ń wakọ̀ bọ̀:
mọ́kànlélógún. Áàṣì ni gbogbo wọn tẹ́lẹ̀.
Verlin, ọkọ rẹ̀, ló gé èyí tó kẹ́yìn kó tó kú;
ó fi gbẹ́ èèkù àáké mẹ́fà,
àáké tí kò rí igi gé mọ́.

A mọ ẹni tó pa wọ́n.
Kòkòrò wínníwínní, aláwọ̀ ewé,
tó ń dán bí àfọ́kù ìgò nínú oòrùn.
Inú pákó àpótí ẹrù ló gbà wọlé,
kò san owó ibodè.
Àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.
Èyí kọ́. Èyí wọkọ̀ ojú omi wá jẹun ni.

Ní ọ́fíìsì, a ti sọ fún ara wa pé
bí áàṣì bá tán, ebi ni yóò pa á.
A ti ń ka ọjọ́.

Ṣùgbọ́n igi tí àkókó ń gbá kì í ṣe áàṣì.
Igi kúkurú ni, lábẹ́ fèrèsé ilé ìdáná,
tí òdòdó rẹ̀ máa ń funfun jọ́bọ́jọ́bọ́ lóṣù Karùn-ún,
tí wọ́n fi ń pè é ní Irùngbọ̀n Arúgbó.
Ọdún tí Verlin kọ́kọ́ rí ewú lórí ara rẹ̀ ló gbìn ín,
ó ní kí òun má baà dá nìkan hu ewú.

Mo fi ọ̀bẹ họ èèpo.
Ihò kan, bí oṣù tó dá sí méjì.
Lábẹ́ rẹ̀, ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ tí ìyẹ̀fun igi kún,
àti ní òpin ọ̀nà, ìdin funfun kan,
ó ká kò,
ó yó.

Mo ní, "Mọ̀lẹ́bí áàṣì ni igi yìí, Mà."
Ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ìwé sọ ọ́, a kà á kọjá.
Ewé wọn kò jọra, òdòdó wọn kò jọra,
kò sí ẹni tó máa rí wọn tó máa pè wọ́n lọ́mọ ìyá.
Kòkòrò yìí kò wo ojú.
Ẹnu ló fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn wò,
ó mọ ìdílé ju àwa tí a gbìn wọ́n lọ.

Ó bu tíì fún mi, ó gé búrẹ́dì,
ó da òróró ólífì sínú àwo pẹlẹbẹ.
"Ó wá ku ta nínú ẹbí náà?"
Búrẹ́dì ọwọ́ mi ti kan òróró.
Lára ìgò, wọ́n ya igi ólífì kan sórí òkè,
ó gbó, ó tẹ̀, kò sí ihò kankan lára rẹ̀.
Arvella bá mi wò ó títí,
ó sì rọra yí ìgò náà dojú kọ ògiri.