Ohun Tí Ògbufọ̀ Kò Túmọ̀

Ní Klang, níbi tí oje rọ́bà ti kún ọpọ́n irin,
ẹgbẹ̀rún ọwọ́ amọ̀ funfun ń rì, wọ́n ń yọ,
ọwọ́ tí kò ní ara, tí kò mọ̀ pé ààrò gbóná.
Àwọn tó ní ara dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn
fún wákàtí méjìlá. Àwọ̀ ìka wọn ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà.

Sukmaya lorúkọ mi, ọmọ Ilam.
Wọ́n gbà mí fún ọjọ́ kan péré
láti máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún obìnrin kan tó wá láti Ghent.
Liesbet ló ń jẹ́. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń ta ìbọ̀wọ́ fún ilé ìgbẹ̀bí,
ìbọ̀wọ́ tó ń fọwọ́ kan ọmọ tuntun kí ìyá rẹ̀ tó kàn án.

Ó mú fọ́ọ̀mù dání. Ó bi ẹni àkọ́kọ́: ṣé o láyọ̀?
Mo láyọ̀, a dúpẹ́.
Ó bi ìkejì. Mo láyọ̀, a dúpẹ́.
Ó dé orí ìkẹtàlá, ayọ̀ kan náà, ọpẹ́ kan náà,
bí ọmọ iléèwé tó ń ka ìsọdipúpọ̀ níwájú pàṣán.
Máníjà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín sí bàtà ara rẹ̀.
Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìyẹn.
Èwo nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ fi gbé
bí Lokendra ṣe wo fèrèsé kó tó dáhùn?

Ìgbà náà ni obìnrin yẹn pa fọ́ọ̀mù dé.
Ó jókòó sórí páálí. Ó ní, kí lo tà kí o tó rí ọ̀nà wá?
Èyí kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ wọn lálẹ́ àná.
Lokendra gbé itọ́ mì.
Ewúrẹ́ méjì. Ẹ̀gbà ọrùn ìyá mi.
Ilẹ̀ jéró wa, èyí tó wà nísàlẹ̀ odò.
Kò tíì tó, mo wá yá èyí tó kù.
Èlé rẹ̀ ti bímọ, ọmọ rẹ̀ ti bímọ,
èmi tí mo yá a kò tíì gbéyàwó.

Níbo ni ìwé ìrìnnà rẹ wà?
Nínú dúrọ́ọ̀.
Ta ló ni kọ́kọ́rọ́?
Gbogbo yàrá wo bàtà tí máníjà ń wò.

Àdéhùn iṣẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ìwọ̀fà ni.
Ìwọ̀fà ayé àtijọ́ pàápàá ń rí ọ̀sán lò fún oko tirẹ̀.

Lálẹ́, fóònù dún. Mo gbọ́ ohùn ọ̀gá rẹ̀:
kúrò níbẹ̀, wá ilé-iṣẹ́ mìíràn, kí orúkọ wa má bàjẹ́.
Liesbet wò mí.
Ẹnikẹ́ni kò bi mí léèrè, ògbufọ̀ kì í ní ẹnu tirẹ̀,
ṣùgbọ́n mo sọ ọ́: bí ẹ bá lọ, gbèsè ò ní bá yín lọ.
Ọdún mẹ́fà lẹ ti ń ra ìbọ̀wọ́ yìí lówó pọ́ọ́kú.
Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀.
Òun ló wá di ògbufọ̀ mi sí ọ̀gá rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbé fóònù sílẹ̀.

Ó gba oṣù mẹ́jọ.
Ghent san ìdajì ohun tí aṣojú gbà lọ́wọ́ wọn,
Klang fi ìkanra san ìdajì.
Owó ìbọ̀wọ́ gbé pẹ́ẹ́lí sókè.
Aṣojú tó wà ní Kathmandu ti pààrọ̀ orúkọ ọ́fíìsì rẹ̀,
n kò ní parọ́ fún yín.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀, mo wà níbẹ̀.
Wọ́n ń pe orúkọ, ọwọ́ tó ń bó ń nà wá gbà á.
Lokendra fi tirẹ̀ sápò, ó yọ ọ́, ó tún fi í sápò.
Ìwé kan ló kù. Wọ́n pe Tilbikram Rai.
Wọ́n tún un pè.
Àwòrán rẹ̀ wà lórí tábìlì, irun rẹ̀ rí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e.
Liesbet yíjú sí mi, ó ní, kí ni wọ́n ń sọ?
Wọn ò sọ nǹkan kan.